Kí Màmá Jókòó Lọ́jọ́ Kérésì: Bí Ẹ Ṣe Lè Kó Ẹbí Relé Lóṣù Dìsẹ́ńbà

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, láàárọ̀ ọjọ́ Kérésì, gbogbo wa wọ àǹkárá kan náà, a tò síwájú ilé wa ní Iléṣà, a fẹ́ ya fọ́tò. Ẹni tó fẹ́ yà wá ló béèrè pé, "Màmá ńkọ́?" A wò yíká, a ò rí wọn. Ẹ̀yìnkùlé la ti bá wọn níwájú ààrò, ojú wọn ti pọ́n fún èéfín, wọ́n ń fi orógùn yí ìrẹsì. Aṣọ tiwọn ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọn ò tíì tú u kúrò nínú ọ̀rá. "Ẹ máa yà á lọ, mo ń bọ̀," ni wọ́n wí. Fọ́tò yẹn wà lórí fóònù mi títí dòní. Màmá ò sí níbẹ̀.

Àwa ọmọ márùn-ún, pẹ̀lú ọkọ, ìyàwó àtàwọn ọmọ-ọmọ, la rin ìrìn tó ju 200 kìlómítà lọ láti Èkó nítorí obìnrin kan, a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tán, a sọ ọ́ di alásè. Láti ọdún náà ni mo ti ń kọ ètò Kérésì wa sínú ìwé kan, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo sì fi ń wò ó bóyá ó dáa: ṣé Màmá jókòó? Ohun tó wà nínú ìwé náà ni mo kọ síbí. Ẹni tó jẹ́ pé bàbá ló kù fún un, tàbí tí ilé tirẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú tàbí Adó-Èkìtì, kó yí i bó ṣe bá a mu.

Oṣù kẹwàá: orí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà

Ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń ti orí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró ná. Ta ló ń bọ̀? Ọjọ́ wo ló máa dé, ọjọ́ wo ló máa lọ, ibo ló máa sùn? Mo máa ń fi ìbéèrè mẹ́rin yìí ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá, mo sì máa ń fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹnìkan bá dáhùn pé "Bó bá wu Olúwa," ẹ ṣe àmín, kẹ́ ẹ tún béèrè ọjọ́.

Ìdáhùn tó ń pẹ́ jù ni tàwọn tọkọtaya, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Ọkọ fẹ́ lọ sílé wọn, ìyàwó náà ní ìyá. Èmi àti ọkọ mi ti bá a jà dáadáa ká tó rí ojútùú: bí a bá jẹ Kérésì nílé wọn lọ́dún yìí, ilé wa ló kàn lọ́dún tó ń bọ̀, ẹni tí kò bá kàn á sì rí wa láti ọjọ́ 28 títí di ọdún tuntun. Àwọn mìíràn máa ń pín in láàárín ọdún kan náà, ṣùgbọ́n ìyẹn ń béèrè pé kí ilé méjèèjì má jìnnà síra. Èyí tẹ́ ẹ bá mú, kí tọkọtaya ti fẹnu kò nínú yàrá kẹ́nikẹ́ni tó gbọ́. Lẹ́yìn náà, kí oníkálùkù fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìyá tirẹ̀. Ẹ má rán ìyàwó sí ìyá ọkọ pé "a ò ní lè wá lọ́dún yìí o." Títí ayé ni wọ́n á máa sọ pé òun ló dá ọkọ rẹ̀ dúró.

Owó, kí ọ̀rọ̀ tó di òṣómàáló

A kì í pín owó ọdún lọ́gbọọgba nílé wa. Iye tí a bá fẹ́ ná ni a máa ń pín sọ́nà 10. Bọ̀dá mi àgbà ń kó 3, àbúrò mi tó wà ní London ń kó 3, èmi 2, ẹni tó tẹ̀ lé mi 2. Àbíkẹ́yìn wa ò tíì ríṣẹ́ gidi, kì í dá kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń ṣáájú wa délé láti tún ilé ṣe, òun ló sì ni ọ̀rọ̀ adìyẹ. Kò sẹ́ni tó ń fojú kéré e, torí a ti sọ ọ́ síta látìbẹ̀rẹ̀ pé agbára ni ìdá tirẹ̀.

Ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ni owó gbọ́dọ̀ pé. Ìjẹ̀ṣà ni wá. Àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn kiri ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ń pè ní òṣómàáló, torí pé bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, wọ́n á ní òṣòó làwọn máa ló títí àwọn á fi gbowó àwọn. Èmi náà ti lóṣòó sórí WhatsApp rí, mo ń fi orúkọ ẹni tí kò tíì san síbẹ̀ láràárọ̀. Kì í dùn mọ́ wọn, ṣùgbọ́n owó ń pé.

Àjọ oúnjẹ náà dáa: ẹ máa dá iye díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti oṣù kejì, tó bá di Dìsẹ́ńbà, kí wọ́n kó ìrẹsì, òróró àti adìyẹ fún yín. Ẹni tẹ́ ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tẹ́ ẹ sì mọ ilé rẹ̀, ni kẹ́ ẹ bá dá a. Alájọ kan ti gbé owó àwa mẹ́tàdínlógún lọ rí. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ 18 Dìsẹ́ńbà, bẹ́ǹṣì nìkan ló kù níbẹ̀.

Aṣọ ọdún

Kí aṣọ ti wà lọ́wọ́ télọ̀ kí oṣù kẹwàá tó parí. Ẹ má sọ pé Kérésì lẹ fẹ́ wọ̀ ọ́; ẹ ní ìgbéyàwó wà lọ́jọ́ 5 Dìsẹ́ńbà. Irọ́ ni, mo mọ̀, mo sì ti tọrọ ìdáríjì. Ti àwọn ọmọdé, ẹ ní kó ká etí ṣòkòtò àti ti kaba sínú dáadáa, kẹ́ ẹ lè tú u nígbà Àjíǹde.

Oṣù kọkànlá: ẹ ra ohun tí kì í bàjẹ́, kẹ́ ẹ sì tún ilé Màmá ṣe

Ìrẹsì, òróró, tòmátì alágolo, iyọ̀, súgà, mílíìkì: gbogbo ìwọ̀nyí ni kẹ́ ẹ rà kí owó wọn tó gòkè. Ẹ da ìrẹsì kóòpù kan sórí àwo funfun kẹ́ ẹ tó sanwó fún báàgì, kẹ́ ẹ fi ìka wá òkúta rẹ̀. Ní ìṣirò tiwa, kóńgò 1 ń tó bí èèyàn 10. Orí 24 la jẹ́ nílé lọ́dún tó kọjá, abọ́ tó lọ sílé aládùúgbò jẹ́ 14, kóńgò 6 la sè, ó sì ṣẹ́kù díẹ̀ fún àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ilé gan-an ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Ẹ rántí pé ẹ̀ẹ̀rùn ni. Kànga ń fà sẹ́yìn lóṣù yẹn, ilé tí omi ń tó fún ìyá arúgbó kan kò ní tó fún èèyàn 24. Àbúrò wa máa ń dé Iléṣà lọ́jọ́ 16, á pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta, á kó mátírẹ́ẹ̀sì sóòrùn, á gbá ìtàkùn aláǹtakùn, á gbé sílíńdà gáàsì lọ rọ. Ọyẹ́ tún ń mú lóru ní apá ọ̀dọ̀ wa ju Èkó lọ, ẹ wá aṣọ ìbora mọ́ ẹrù fáwọn ọmọ, kẹ́ ẹ mú òrí tí wọ́n á fi pa ètè àti gìgísẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó kúrò l'Ékòó, ẹ bi Màmá léèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé oògùn wà?" torí "ó wà" ni wọ́n máa sọ. Ẹ ní kí wọ́n ka ìyókù fún yín lórí fóònù.

Ìrìn àjò

Nínú ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ Dìsẹ́ńbà ni àwọn ìpàdé ńlá ìjọ máa ń bọ́ sí: ti Rìdíìmù ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ti Wínáàsì ní Ọ̀tà. Bí ẹ bá ní láti rin ọ̀nà méjèèjì nígbà náà, ẹ wo ọjọ́ ìpàdé kẹ́ ẹ tó mú ọjọ́ tiyín. Láti ọjọ́ 20 ni owó ọkọ̀ ń fò ní Ojota àti Bẹ́gà, tó bá sì di ọjọ́ 23, iye tó bá wu awakọ̀ ló ń pè. Àwa máa ń gbéra lọ́jọ́ 19 tàbí 20, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Ọ̀sán gangan ló yẹ kẹ́ ẹ dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Mi ò rí ìdí tí ẹnìkan á fi kó ọmọ kékeré sójú ọ̀nà lóru Dìsẹ́ńbà, nígbà tí ọyẹ́ ti bo ojú títì, tí awakọ̀ sì ti sáré lọ sáré bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan.

Bó bá jẹ́ mọ́tò tiyín, ẹ wo táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀ nínú àmì gbọọrọ kékeré kan. Bẹ́ ẹ bá rí 2322, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2022 ni wọ́n ṣe é. Èmi kì í fi táyà tó ju ọdún 4 lọ rin ọ̀nà jíjìn, bó ti wù kó dán tó, torí ẹni tó ń ta tòkúnbọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pa á kó máa dán. Ẹ tọ́jú 122 sórí fóònù gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Nọ́ńbà Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni, wọn kì í gba owó ìpè.

Ẹni tí kò fẹ́ wàhálà Èkó sí Ìbàdàn lè wọ ọkọ̀ ojú irin tó ti ń ná ọ̀nà náà láti 2021. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó di ọ̀sẹ̀ Kérésì. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé Mọníyà ló ń já yín sí, ẹ̀yìn ìlú ni, ẹ ṣì ní láti wọkọ̀ dé Ìwó Róòdù kẹ́ ẹ tó rí ti Ifẹ̀ àti Iléṣà. Bẹ́rù bá pọ̀, kò wúlò.

Ẹ dúró n'Íkirè, kẹ́ ẹ ra dòdò. Èyí tó dúdú, tí epo rẹ̀ ti rin ewé, ni kẹ́ ẹ mú. Ti Màmá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀, nítorí àwọn ọmọ ò ní jẹ́ kó kọjá Gbọ̀ngán.

Ẹ mú owó tuntun dání láti Èkó, èyí tẹ́ ẹ máa fún àwọn ọmọ tó bá wá kí yín. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn oní-POS á fi owó kún owó wọn, báǹkì á sì kún dé ẹnu géètì.

Ọjọ́ 22 sí 24: ibi tí iṣẹ́ wà

Ohun tí mo kọ́kọ́ yí padà nílé wa ni pé a ò ṣe iṣẹ́ ọjọ́ Kérésì lọ́jọ́ Kérésì mọ́. Ọjọ́ 22 la ń lọ sí Ọjà Àtákúnmọ́sà, ọjọ́ yẹn náà la ń lọ ata. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ 24, á tò lẹ́yìn abọ́ ata ogójì níwájú ẹ̀rọ. Bí tàtàṣé, rodo, tòmátì àti àlùbọ́sà bá ti di lílọ̀, ẹ gbé e kaná láìfi òróró sí i, kó hó títí omi rẹ̀ á fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ fi òróró dín in díẹ̀. Bó bá tutù, ẹ bù ú sínú ike. Kò ní kan títí di ọjọ́ 25 bí yìnyín bá wà. Bí kò bá sí, ẹ máa gbé e kaná láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Adìyẹ, ẹ ti rà á láti bí ọjọ́ 10. Àrùn adìyẹ ń jà nígbà ọyẹ́, àwọn kan sì máa ń kó èyí tó ń ṣàìsàn wá sọ́jà nígbà tí èrò bá pọ̀. Ẹ wo ojú rẹ̀ bó bá mọ́ kedere, ẹ wo ogbe rẹ̀ bó bá pọ́n, ẹ gbé etí sí imú rẹ̀. Bó bá ń mí hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀, ẹ dá a padà. Fún ọbẹ̀, àgbébọ̀ tó ti yé ẹyin tán ni mo fẹ́. Ó le, ó ń gbà ju wákàtí kan lọ lórí iná, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ ń dùn, kì í sì í fọ́ sínú ọbẹ̀ bíi bróílà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ 24, ọmọ Alhaji tó wà lójúlé kejì ló ń wá bá wa pa wọ́n. Àṣà Bàbá wa ni, kí wọ́n tó lọ. Àbúrò Màmá gan-an, Alhaja ni wọ́n, ìdajì àdúgbò wa ló sì ń kírun. Bí ẹni tó ń kírun bá ṣe Bísímíláì sí ẹran náà, kò sí ẹni tí kò ní lè jẹ nínú ìkòkò wa. Ẹ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ ṣáájú, torí gbogbo ilé onígbàgbọ́ ló ń wá a lálẹ́ yẹn. Bó bá ṣetán, itan adìyẹ kan àti àdúrà ni tirẹ̀.

Omi tí ẹ máa fi tu ìyẹ́ kò gbọ́dọ̀ hó kùtù. Bó bá hó jù, awọ á bó. Ẹ ri adìyẹ bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ kà dé mẹ́wàá, kẹ́ ẹ fa ìyẹ́ apá kan wò. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́, ó tó. Ìyẹ́ wẹ́wẹ́ tó bá kù, ẹ yí i lójú iná kó jó dànù. Ibi tó ń da ọwọ́ àwọn ọmọ Èkó rú ni inú rẹ̀. Ẹ rọra ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ fà á jáde lápapọ̀. Nǹkan aláwọ̀ ewé kékeré tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀ yẹn, òróòro ni. Bí ọ̀bẹ bá ba, gbogbo ẹran yẹn á korò. Ẹ gé díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sọ ọ́ nù. Iwe ńkọ́? Ẹ là á lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀, ẹ bó awọ yẹ́lò inú rẹ̀. Bàbá ló ń jẹ iwe nílé wa. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ó di ti bọ̀dá mi. Ní ọdún kejì sẹ́yìn, bọ̀dá fúnra wọn gbé àwo náà síwájú Màmá, láti ìgbà náà ni kò sì ti kúrò níbẹ̀.

Àwọn ọkùnrin ló ń tu ìyẹ́. Mi ò bẹ̀ wọ́n, orúkọ wọn ló wà nínú ìwé. Ẹran ti gbọ́dọ̀ di bíbọ̀ àti díndín kẹ́ ẹ tó sùn.

Ọjọ́ 25: àga Màmá

Wọn ò ní gbà. Ẹ fọkàn sí i. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí a ní kí wọ́n jókòó, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n yọ́ wọ ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn ń wá ọṣẹ, wọ́n tún ní àwọn gbọ́ òórùn jíjóná. A ò lè mú ìyá kúrò nídìí ààrò pátápátá, a kàn lè yí ipò rẹ̀ padà níbẹ̀ ni. Ohun tí a ṣe nìyí: a gbé àga onírọ̀gbọ̀kú sábẹ́ igi ọsàn, níbi tí èéfín kì í fẹ́ sí, a fún wọn ní ṣíbí kan àti àwo kékeré. Kò sí ìkòkò tó ń sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n tọ́ ọ wò. "Iyọ̀ ò dé e." "Ẹ dín iná kù." Wọ́n ń pàṣẹ, àwọn ọkọ wa ń sáré. Inú wọn dùn ju ti ọdún tí wọ́n fọwọ́ ara wọn sè é lọ.

Ìrẹsì àti ọbẹ̀ nìkan la ń sè lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú sálááàdì fáwọn ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ iyán, kó dúró de ọ̀la. Ọ̀pọ̀ ilé máa ń se oríṣi oúnjẹ mẹ́fà, gbogbo obìnrin ilé á rẹ̀ kí wọ́n tó délé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló sì ń jìyà rẹ̀ jù.

Kẹ́nikẹ́ni nínú ilé tó jẹun, ẹ gbé abọ́ síta. Àwọn ọmọ ni kẹ́ ẹ rán, méjì-méjì, kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n sọ pé "Màmá àgbà ní ká gbé e wá, ẹ kú ọdún o." Ẹ kọ orúkọ sára ìdérí kúlà kọ̀ọ̀kan. Ilé tó gbé ẹran Iléyá wá fún yín ni kó ṣáájú. Mo máa ń kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá, torí Màmá kì í gbàgbé, wọ́n á sì bi mí.

Ẹni tó wà lókè òkun ńkọ́? Ẹ dá aago. Bí aago méjì ọ̀sán bá lù ní Iléṣà lóṣù Dìsẹ́ńbà, aago kan ni ní London, aago méje àárọ̀ sì ni ní Houston. Aago méjì la máa ń pe àbúrò mi, lẹ́yìn tí Màmá ti wọ aṣọ wọn, tí wọ́n ti so gèlè. Kí fóònù tó kún fún iná wà nílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀, ìta gbangba ni kó wà, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, bó ti wù kẹ́ ẹ bẹ̀rù olè tó. Èéfín rẹ̀ ń pa odindi ilé lójú oorun.

Lẹ́yìn Kérésì

Ọjọ́ 26, iyán. Àwọn géńdé ló ń gún un.

Ọjọ́ 27 tàbí 28, ẹ kó àwọn ọmọ jáde kí ilé lè dákẹ́ fún Màmá. Àwa máa ń lọ sí Olúmìrìn, omi tó ń dà látorí òkè n'Ẹ́rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ìpele méje ló ní. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi rẹ̀ kì í pọ̀ bíi ti òjò, ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ rọrùn láti gùn nígbà náà. Bàtà tó ń di ilẹ̀ mú ni kẹ́ ẹ wọ̀, kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà sì má kọjá ìpele àkọ́kọ́. Ìwúde Ìjẹ̀ṣà náà máa ń bọ́ sí Dìsẹ́ńbà. Ẹ bi ará ilé léèrè ọjọ́ rẹ̀, torí lọ́jọ́ náà, mọ́tò ò ní rí ọ̀nà gbà ní Ẹrẹ́jà.

Àìsùn ọdún tuntun, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn bí ṣọ́ọ̀ṣì bá sún mọ́lé. Ẹ fi àgbà kan ti àwọn ọmọ tó ń yin báńgà. Koríko ti gbẹ, iná kékeré ló ń gba oko lọ.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń padà

Ọjọ́ 3 oṣù kìíní la máa ń gbéra, torí ìlú á ti máa padà lọ́jọ́ 2, ọ̀nà á sì dí. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ẹ, ẹ fọ gbogbo ìkòkò ńlá, kẹ́ ẹ dá a padà sórí pẹpẹ. Ẹ dá kúlà aládùúgbò padà. Ẹ rọ gáàsì sí sílíńdà, kẹ́ ẹ tún omi pọn kún dúrọ́ọ̀mù. Ẹ ka oògùn Màmá lẹ́ẹ̀kan sí i, kó ṣẹ́kù ti oṣù méjì ó kéré tán.

Kẹ́ ẹ sì fi àyè sílẹ̀ nínú búùtù. Ẹ lè rò pé ẹ ti di ẹrù tán, pé ó ti kún. Bẹ́ ẹ bá ti yín iná sí mọ́tò, wọ́n á ní kẹ́ ẹ dúró. Wọ́n á jáde pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ odindi ìdì kan, gààrí nínú àpò ìrẹsì tẹ́ ẹ rà lóṣù kọkànlá, àti adìyẹ kan tí wọ́n fi pamọ́ fún yín láti ọjọ́ 24, ẹsẹ̀ rẹ̀ dídè, ó ń wò yín.